Kòkòrò Tó Ń Jẹ Kòkòrò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Olóko Àyíká Ìbàdàn

Àwọn àgbà máa ń wí pé kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, nítorí pé ìwọ̀n ni ewéko ń dára mọ. Àmọ́ kòkòrò mìíràn wà lórí ewé kan náà tí kì í fẹnu kan ẹ̀fọ́ rárá, tó jẹ́ pé èyí tó ń jẹ̀fọ́ yẹn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Nítorí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí. Ìbéèrè tí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, ilá, àgbàdo àti gbágùúdá, láti Mọ́níyà títí dé Ìdí-Ayùnrẹ́, ti bi mí léraléra ni mo kó jọ síbí, bí mo sì ti ń dá wọn lóhùn lójú oko náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Kí ni ẹ ń pè ní kòkòrò ọdẹ?

Kòkòrò ọdẹ ni kòkòrò tó ń mú kòkòrò mìíràn, tó sì ń pa á jẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn máa ń pa ọ̀pọ̀ kí ó tó dàgbà, ọ̀pọ̀ irú wọn kì í sì í ṣíwọ́ ọdẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá dàgbà tán. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn sí àwọn agbọ́n wẹ́wẹ́ kan, tí ìyá wọn máa ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò mìíràn, tí ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin náà yóò sì máa jẹ kòkòrò yẹn láti inú títí tí yóò fi kú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ju ẹyọ kan lọ láti dàgbà. Aláǹtakùn àti máìtì, tí òmíràn kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kì í ṣe kòkòrò gan-an, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní nígbà tí kòkòrò ní mẹ́fà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe lóko. Gbogbo wọn ni mo máa mẹ́nu bà níbí, nítorí olóko tó ń wá ìrànlọ́wọ́ kò ní kọ́kọ́ ka ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Èwo nínú wọn ni mo lè rí lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mi?

Èyí tó rọrùn jù láti rí ni kòkòrò roboto tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, tó pupa tàbí tó pọ́n bí ọsàn, tí àmì dúdú sì wà lára rẹ̀. Ladybird ni wọ́n ń pè é nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló mọ ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe sì ti ń wáyé. Ọmọ náà kò jọ ìyá rẹ̀ rárá: ó gùn, ó dúdú, ara rẹ̀ rí pálapàla, ó sì máa ń rìn lórí ewé bí ọ̀nì kékeré. Èmi náà ti fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀wà, tí mo rò pé àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ̀wà mi, títí ẹni kan tó mọ̀ jù mí lọ fi ní kí n jókòó kí n wò wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ń mú afídì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fà á mu. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹyin wọn máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọn a sì tò wọ́n ní òòró sí abẹ́ ewé. Bí ẹ bá rí irú ẹyin bẹ́ẹ̀ níbi tí afídì ti ṣù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe já ewé náà.

Afídì tí mo ń wí ni kòkòrò wẹ́wẹ́, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, tó máa ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú ilá, ẹ̀wà àti ata, tó ń fa omi ara wọn mu, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oyin.

Òmíràn wà tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ léèsì, tí ara rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tó máa ń wá sídìí iná lálẹ́. Orí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń yé ẹyin rẹ̀ sí, tí ẹyin kọ̀ọ̀kan á dúró lórí òwú tirẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi gún ewé. Ọmọ rẹ̀ ní ẹnu tó là sí méjì, tó tẹ̀ bí dòjé, tó sì ní ihò nínú, èyí tó fi ń gún afídì tí ó sì fi ń fa omi ara rẹ̀.

Eṣinṣin kan náà tún wà tó fi ara jọ oyin tàbí agbọ́n, tó máa ń dúró lójú kan lófuurufú lórí òdòdó. Òun fúnra rẹ̀ kì í ta ẹnikẹ́ni, oje òdòdó ló ń mu, ṣùgbọ́n ìdin rẹ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ máa ń wọ́ láàárín afídì, á sì máa jẹ wọ́n.

Lámilámi tó ń fò lórí omi àkùrọ̀ ń mú ẹ̀fọn àti labalábá kéékèèké lójú òfuurufú. Kòkòrò gígùn tó máa ń ká apá iwájú méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà ń jẹ ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, títí kan kòkòrò rere, nítorí náà n kì í gbé gbogbo ìrètí mi lé e.

Mo fín oògùn, kòkòrò sì kú, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló fà á?

Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà níbí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ẹ kọ́kọ́ wo bí afídì ṣe ń bímọ. Nílẹ̀ tó móoru bíi tiwa, abo rẹ̀ kò nílò akọ kí ó tó bí, kò sì nílò láti yé ẹyin. Ọmọ tó wà láàyè ló ń bí ní tààrà, ọmọ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bí tirẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ladybird ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọkọ, kí ó yé ẹyin, kí ẹyin náà sì di ọmọ tí yóò jẹun fún ọjọ́ pípẹ́ kí ó tó dàgbà, èyí tó lè gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí oògùn bá wá bọ́ sójú oko, ó pa àwọn méjèèjì. Àwọn afídì díẹ̀ tó wà lábẹ́ ewé tí oògùn kò dé ọ̀dọ̀ wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí lọ́jọ́ kejì, nínú oko tí kò sí ọdẹ kankan mọ́. Kódà ọdẹ tí oògùn kò pa lójú ẹsẹ̀ yóò bá ebi pàdé, nítorí pé ohun tí ó ń jẹ ti tán fún ìgbà náà, yóò sì ṣí lọ síbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó fín oògùn láìwò ti lé ọmọ ọ̀dọ̀ tirẹ̀ kúrò nílé, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Bí ó bá tún fín in lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó kù nínú kòkòrò ajẹnirun ni àwọn tí oògùn náà kò ràn, àwọn ọmọ wọn yóò sì jogún agbára yẹn.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí odidi orílẹ̀-èdè rí. Ní Indonesia, kòkòrò aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ń fa omi ìrẹsì mu pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti ń fín oògùn jù, nítorí pé oògùn náà ti pa aláǹtakùn àti àwọn ọdẹ yòókù tó ń ká a lọ́wọ́ kò. Ní ọdún 1986, ìjọba ibẹ̀ fòfin de irú oògùn 57 lórí ìrẹsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa wo oko wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù.

Ṣé òótọ́ ni pé Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti gba gbágùúdá Áfíríkà sílẹ̀?

Òótọ́ ni pé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Gbágùúdá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀tá rẹ̀ kan kò tẹ̀ lé e dé ibí. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n rí kòkòrò kan ní agbègbè Kóńgò, tí ara rẹ̀ bo lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí. Phenacoccus manihoti ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó máa ń fa omi ọ̀mùnú gbágùúdá, ewé orí rẹ̀ á ká jọ, igi rẹ̀ kò sì ní ga mọ́. Ó tàn káàkiri láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn pẹ̀lú igi gbágùúdá tí àwọn èèyàn ń gbé kiri láti gbìn, nítorí pé ọ̀tá tó ń jẹ ẹ́ nílé kò bá a wá. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ìlú tó ń jẹ láfún, fùfú àti gàrí lójoojúmọ́.

Ní ọdún 1979, Hans Herren, ọmọ Switzerland, dé sí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́ lẹ́yìn Òjóò. Èrò tó darí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: bí kòkòrò yìí kò bá gbilẹ̀ jù nílé rẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tó ń dá a dúró, ohun náà ni kí a lọ wá. Ní 1981 ni wọ́n rí kòkòrò náà ní Paraguay, wọ́n sì rí agbọ́n wẹ́wẹ́ kan pẹ̀lú rẹ̀, Anagyrus lopezi, tí kò gùn ju nǹkan bíi milimítà méjì lọ. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti há a mọ́ kí wọ́n lè rí i dájú pé kò ní gbé àrùn tàbí ewu mìíràn wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá sí Nàìjíríà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ó dúró, ó bímọ, ó sì fi ìyẹ́ ara rẹ̀ tàn kálẹ̀. Wọ́n sin púpọ̀ sí i, wọ́n tilẹ̀ fi bàálù tú u sílẹ̀ ní àwọn ibì kan, ó sì ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 ní Áfíríkà. Ní 1995 ni wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí.

Agbọ́n yìí kì í ṣe ọdẹ gan-an gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Wọ́n kó àwọn ladybird láti Gúúsù Amẹ́ríkà wá pẹ̀lú rẹ̀, àwọn kan sì fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n agbọ́n náà ló ṣe bẹbẹ jù, nítorí pé ó lè wá kòkòrò funfun náà rí kódà nígbà tí kò bá pọ̀. Ladybird máa ń fẹ́ ibi tí oúnjẹ ti ṣù. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé kòkòrò ọdẹ ló ń borí níbi gbogbo.

Ọdẹ gidi ló ṣẹ́gun nínú ọ̀ràn kejì. Máìtì aláwọ̀ ewé tó ń ba ewé gbágùúdá jẹ́, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Uganda ní 1971, náà wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ mú máìtì ọdẹ kan láti Brazil, Typhlodromalus aripo, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ilẹ̀ Benin ní 1993. Lójú ọ̀sán, ó máa ń fara pamọ́ sáàárín ewé ọ̀mùnú tí kò tíì là; bí ilẹ̀ bá ṣú, á sọ̀ kalẹ̀ wá sórí ewé láti dẹ ọdẹ. Ibi ìfarapamọ́ yìí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé irú gbágùúdá tí irun wà ní ọ̀mùnú rẹ̀ ló fẹ́ràn jù.

Ṣé èèrà lóko jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá?

Ó dá lórí irú èèrà náà àti ohun tó ń ṣe. Èèrà pupa tó máa ń fi ewé kọ́lé lórí igi ọsàn àti máńgòrò, tó ń gé èèyàn kíkankíkan nígbà ìkórè, jẹ́ ọdẹ tó lágbára púpọ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ń lo ìbátan rẹ̀ nínú oko ọsàn wọn láti nǹkan bí ọdún 1,700 sẹ́yìn, wọ́n máa ń ra ilé rẹ̀ lọ́jà, wọ́n sì ń so ọparun láti igi kan sí èkejì kí ó lè rí ọ̀nà rìn. Ní ilẹ̀ Benin, ìwádìí lórí oko máńgòrò ti fi hàn pé eṣinṣin tó ń yé ẹyin sínú èso kì í pọ̀ níbi tí èèrà yìí bá wà.

Ṣùgbọ́n àwọn èèrà kan máa ń sin afídì bí Fúlàní ṣe ń sin màlúù. Ìtọ̀ dídùn tó ń jáde lára afídì ni wọ́n ń mu, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lé ladybird kúrò. Bí ẹ bá rí èèrà tó tò lọ tò bọ̀ lórí igi ata, ẹ wo ibi tí ìlà wọn parí sí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ afídì ni, ẹ fi ọwọ́ tàbí omi wẹ afídì náà kúrò, èèrà náà yóò lọ.

Kòkòrò tuntun tó ń jẹ àárín àgbàdo ńkọ́?

Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí, Spodoptera frugiperda, ọdún 2016 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní Áfíríkà. Nàìjíríà wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́. Nítorí pé ó máa ń wọ inú ọ̀mùnú àgbàdo lọ jókòó, oògùn kì í sábà bá a. Èèrà máa ń wọlé bá a níbẹ̀, agbọ́n ńlá máa ń gbé ìdin rẹ̀ lọ bọ́ ọmọ, agbọ́n wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ́ Telenomus remus, tí àwọn olùwádìí ti rí nínú oko ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, sì máa ń yé ẹyin sínú ẹyin rẹ̀. Àmọ́ ní tèmi, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ọdẹ nìkan. Ẹ máa rìn láàárín poro, ẹ máa fi ìka fọ́ ẹyin rẹ̀ tó ṣù bí òwú lórí ewé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọdẹ bá yín ṣe ìyókù.

Ṣé ọdẹ wà fún kòkòrò inú abà pẹ̀lú?

Ó wà. Kòkòrò kan tó ń sọ àgbàdo àti pákí gbígbẹ di ìyẹ̀fun wọ Áfíríkà láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i ní Togo ní àwọn ọdún 1980. Kòkòrò dúdú kékeré kan, Teretrius nigrescens, tó ń tẹ̀ lé òórùn rẹ̀ láti wá ọmọ rẹ̀ jẹ, ni wọ́n mú wá láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà kan náà, Togo sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní 1991. Inú igbó ló ti wúlò jù. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú àgbàdo rẹ̀ sínú ilé ṣì gbọ́dọ̀ sá a dáadáa kí ó sì dí àpò rẹ̀ pinpin.

Ibo ni mo ti lè ra kòkòrò ọdẹ?

Ní Yúróòpù, àwọn tó ń gbin tòmátò sábẹ́ ilé gíláàsì máa ń rà wọ́n nínú ike. Lójú oko gbangba bíi tiwa, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti náwó lé e, nítorí pé ọdẹ tí ẹ bá tú sílẹ̀ láàárọ̀ lè ti wà lóko aládùúgbò yín nírọ̀lẹ́. Ẹ má sì ṣe kó kòkòrò kankan wọlé láti òkè òkun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí àyẹ̀wò nǹkan ọ̀gbìn ní ibodè. Ladybird kan láti Éṣíà, tí wọ́n kó lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti jẹ afídì, ti ń lé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ kúrò ní àyè wọn báyìí, ó sì ń rọ́ wọ ilé àwọn èèyàn nígbà òtútù.

Kí ni kí n ṣe kí àwọn tó wà lóko mi má baà lọ?

Ẹ fi ibùgbé àti oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò yìí ń mu oje òdòdó nígbà tí wọ́n bá dàgbà, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹfinrin mélòó kan tanná létí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sì ṣe ro gbogbo etí oko mọ́ kanlẹ̀ bí àgbàlá ilé. Àlòpọ̀ ọ̀gbìn tí àwọn bàbá wa ń ṣe, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí, àgbàdo àti gbágùúdá pọ̀, bá èyí mu. Àwọn kan wá sọ fún wa pé ó jẹ́ ìwà àìmọ̀, ó sì ń dùn mí pé a gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ máa wo abẹ́ ewé ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá rí afídì lórí igi márùn-ún, tí ẹ sì rí ọmọ ladybird lórí mẹ́ta nínú wọn, ẹ ní sùúrù fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí oògùn bá di dandan, ẹ fín in sí ibi tí wàhálà wà nìkan, ní ìrọ̀lẹ́ tí oyin ti wọlé. Omi tí a fi èso dóńgóyárò ṣe sàn ju àwọn oògùn tó ń pa gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn lọ, nítorí pé èyí tó bá jẹ ewé ni ó ń ràn jù.

Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í ra ewé tó ní ihò. Ṣé ọdẹ lè fún mi ní ewé tí kò ní ihò kankan?

Rárá. Bí kò bá sí ajẹnirun rárá, ọdẹ kò ní rí nǹkan jẹ, kò sì ní dúró. Ohun tó lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí ìbàjẹ́ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní pa èrè yín. Fún ilá, ẹ̀wà àti gbágùúdá, ìyẹn tó, nítorí pé ewé kọ́ ni ẹ ń tà. Fún ewédú àti tẹ̀tẹ̀, ó ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní purọ́ fún yín: ìdin kan tó bá dé sórí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ lálẹ́ lè jẹ ẹ́ kí ọdẹ tó mọ̀. Àwọ̀n tí a tẹ́ bo bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ tí irúgbìn bá ti hù ló dára jù fún irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí àwa tó ń rà lọ́jà Bódìjà náà bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n fín sí ewé tó ń dán tí kò ní ihò kan ṣoṣo, àti iye ọjọ́ tó wà láàárín fífín in àti jíjá a.

Ṣé wọ́n lè ṣe èèyàn ní nǹkan?

Ọ̀pọ̀ wọn kò lè ṣe ohunkóhun. Ẹ ṣọ́ra fún kòkòrò ọdẹ elẹ́nu gígùn kan tó máa ń gúnni tó sì ń dunni bí agbọ́n bí a bá dì í mú, àti fún èèrà pupa.

Mo rí kòkòrò kan lórí ewé mi, n kò sì mọ̀ bóyá ọdẹ ni tàbí ajẹnirun. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ mú un pẹ̀lú ewé, láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ fi sínú ìgò tó mọ́. Ẹ já ewé mìíràn tí afídì wà lára rẹ̀ sí i, kí ẹ sì ka afídì náà, bóyá ogún tàbí ọgbọ̀n. Ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹnu ìgò kí atẹ́gùn lè wọlé, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò ti ní bá a. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ tún wọn kà. Bí ewé bá ti lu tí afídì sì pé, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ mú. Bí ewé bá pé ṣùgbọ́n tí afídì ti dín kù, ẹ gbé e padà sórí igi tí ẹ ti mú un.